Orúkọ Tó Wà Lókè Fọ́ọ̀mù

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Èsì dé. Wọ́n já mi sílẹ̀.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà ò dáa. Ìyẹn ì bá sàn, ǹ bá padà lọ tún un ṣe. Wọ́n ní ó dáa gan-an. Àmọ́ owó ìrànwọ́ tiwọn, àwọn olùwádìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló wà fún, àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí wọ́n gboyè ọ̀mọ̀wé, tí wọ́n ń ṣèwádìí àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Wọ́n ní olórí iṣẹ́ tó wà nínú fọ́ọ̀mù mi ti di ọ̀jọ̀gbọ́n láti ọdún 1999, àwọn ò lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní olùbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́.

Orí ìdúró ni mo ti kà á, ní ibùdókọ̀ Ibafo, lẹ́ẹ̀mẹrin.

Èmi fúnra mi ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sókè. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Fọ́ọ̀mù bèèrè olórí iṣẹ́, lẹ́yìn náà ó bèèrè àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é. Báwo ni mo ṣe máa kọ Nàfísàt Fàósátù sókè, kí n wá kọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlágòkè sísàlẹ̀? Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ kì í jókòó sórí àga kí àgbà wà lórí ẹní. Mo fi orúkọ rẹ̀ ṣíwájú bí mo ṣe máa ń gbé ẹran tó tóbi jù síwájú bàbá mi nígbà tó wà láyé. Mo rò pé ẹni tó bá ka iṣẹ́ náà á mọ ẹni tó ṣe é.

Òmùgọ̀. Kí n tún un kọ kó lè wọ̀ mí lára. Òmùgọ̀ ni mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Ládi tá a jọ ń gbé ní Mowe rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ìgbà tó rí ojú mi ló tó dákẹ́. Ó ní, "Nàfí, you fall my hand. Fọ́ọ̀mù ni o, kì í ṣe ìkúnlẹ̀." Ó ní kí n kọ̀wé padà sí wọn, kí n sọ òótọ́, pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe, ṣé wọ́n á já mi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ni? Mo fi ìbínú kọ ọ́. Mo pa á rẹ́. Mo fi sùúrù kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́.

Kí n kọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń gbóná lára mi tó báyìí. Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ni ọdún karùn-ún mi pé. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, mi kì í ṣe olùbẹ̀rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò tíì di àgbà lójú ẹnikẹ́ni. Àdéhùn iṣẹ́ mi nílé ìwòsàn ń parí ní ìparí ọdún. Lọ́dún tó kọjá, mo fún àwọn ìyá mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tó ń yan gàrí ní fèrè fọn. Fèrè ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn èémí wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún un fọn nígbà tó bá pé ọdún kan géérégé, kí n lè mọ bí èéfín ṣe ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn sí. Oṣù tó ń bọ̀ nìyẹn. Tí kò bá sí owó, kò sí fèrè kejì. Tí kò bá sí fèrè kejì, ti àkọ́kọ́ di asán, èmi àtàwọn ìyá náà kàn ṣeré ni.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n fèsì! Àwọn Ẹlẹ́èémí yìí – orúkọ tí mo sọ wọ́n nìyẹn, orúkọ àjọ wọn gùn jù – wọ́n ṣèèyàn ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n fún mi títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí. Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ lẹ́tà pé èmi ni mo ronú iṣẹ́ náà, èmi ni mo ṣe é, pé alábòójútó lòun. Gbólóhùn kan ti tó.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Ifo láti ìdájí. Mo gbọ́dọ̀ dé ẹbu gàrí kí wọ́n tó dáná. Tí èéfín bá ti gbalẹ̀, ohun tí fèrè bá sọ kò ṣeé gbára lé mọ́.

Ìyá Ṣàràfá ni olórí wọn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí agbada. Láti ojú títì dé ẹbu, kò ju ogún ilé lọ, ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ọjọ́ orí ni. Wọ́n ti fún un lóògùn ikọ́ fée, wọ́n ti fún un lóògùn ikọ́ ife, oṣù mẹ́fà gbáko ló fi lò ó, kò sí ikọ́ ife kankan lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ibi tó ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́.

Mo sọ fún un pé ká múra sílẹ̀ fún oṣù tó ń bọ̀. Ó wo àpótí ẹ̀rọ mi. "Dókítà, fèrè yẹn, ṣé ó ń wo èèyàn sàn ni?" Mo ní rárá, Ma, ó kàn ń sọ bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe rí. Ó ní, "Ó ń sọ fún ta?"

Mo ní ẹ jọ̀ọ́ Ma, ẹ fún mi ní oṣù kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá Àkọ́kọ́ nílé rẹ̀ ní Arepo. Bàbá Àkọ́kọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìwé yìí, torí orúkọ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú lórí ohun gbogbo, títí kan káàdì tí a fi kí akọ̀wé wa kú oríire ìkómọ.

Mo kúnlẹ̀, ó jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀. Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òyìnbó ò ní sùúrù fún àgbà. Ó pa òwe, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè." Ó ní lẹ́tà kì í ṣe nǹkan bàbàrà, tó bá di Mọ́ńdè.

Kí n má parọ́. Òun ló bá mi tọrọ fèrè náà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan tó wà lókè òkun. Òun ló fọwọ́ sí ìwé àṣẹ. Mo dúpẹ́ nígbà yẹn, mo sì tún ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tẹ Ifo rí.

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Kò kọ ọ́.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Kò kọ ọ́. Ó ní kò síná.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Mo bá a kọ lẹ́tà náà fúnra mi, ìlà mẹ́fà, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi sórí tábìlì rẹ̀ kó kàn fọwọ́ sí i. Akọ̀wé ní wọ́n ti lọ sí Àbújá, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ládi ní kí n fọwọ́ sí i fún un. Kò ṣàwàdà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Bàbá Àkọ́kọ́ pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ti ka lẹ́tà tí mo bá a kọ. Inú ń bí i. Inú ń bí òun! Ó ní kí ni mo ń pè ní alábòójútó. Ó ní ní Àbújá, níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìyá tó ń yan gàrí, wọ́n dìde pàtẹ́wọ́ fún òun. Ó ní, "Orúkọ mi ti jáde lórí iṣẹ́ yìí. Ṣé kí n wá fọwọ́ ara mi pa á rẹ́ ni?"

Mo ní sà, ẹnikẹ́ni ò ní kí ẹ pa orúkọ yín rẹ́, kó kàn wà láàyè rẹ̀ ni.

Ó ní, "Àyè mi dà?"

Ó ní ìwọ lo kọ ọ́ sókè, èmi kọ́ ni mo ní kí o kọ ọ́ sókè, o wá rí owó báyìí, o fẹ́ já mi sílẹ̀. Òótọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, irọ́ ló parí rẹ̀, mi ò sì rí ibi tí mo ti lè já a sí méjì. Mo ní ẹ má bínú sà. Mo kúnlẹ̀. Mo jáde. Mo wọ ilé ìtọ̀, mo gbá ògiri lẹ́ẹ̀kan, mo fọ ọwọ́ mi, mo lọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ aago méjì.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà. Òun gan-an ló gbé ọmọ dání.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ṣe àṣìṣe, mo sọ fún Màmá lórí fóònù. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́. Ó ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alhaji Mùsáfírù. Wọ́n ti fẹnu kò: wọ́n á bá mi lọ bẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Bẹ ẹ́! Mo ní Màmá, kí ni mo ṣe fún un? Ó ní ta ló ń bèèrè ẹni tó jẹ̀bi, ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó lè tú ìlú ṣe. Mo ní tó bá jẹ́ òṣìkà ni, kí la fẹ́ lọ ṣe nílé rẹ̀? Ó ní kí n lọ sinmi ẹnu mi, èmi àti ìwé tí mo kà.

Ọjọ́ méjìlá ló kù.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kẹsàn-án

A ti lọ, a ti dé.

Màmá gbé ọsàn àti ìbẹ́pẹ láti Ifo. Alhaji wọ aṣọ Jímọ̀ rẹ̀. Wọ́n ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kankan, wọ́n ní kí n ṣáà wà lórí ìkúnlẹ̀. Alhaji ní ọmọdé ò mọ ohun tó ń ṣe, pé tí wọ́n bá fọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí wọ́n fi tòsì fà á mọ́ra. Ni Alhaji bá ṣí fìlà. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ṣí fìlà lórí ewú, fún ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, lórí iṣẹ́ tí èmi fẹsẹ̀ ara mi rìn, lórí èémí àwọn ìyá tí ọkùnrin yìí kò rí rí.

Bàbá Àkọ́kọ́ gbé Alhaji dìde. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní ṣebí ọmọ òun ni mí, ó ní òun ti dárí jì mí.

Ó dárí jì mí. Màmá ń sọ "A dúpẹ́, sà" lemọ́lemọ́. Mo ń wo tááìlì ilẹ̀, mo ń kà á kí n má bàa pariwo. Nínú ọkọ̀, Alhaji ní ṣé mo rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ tútù ló ń yọ obì lápò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Alhaji. Mi ò lè bínú sí i. Òun nìkan ni mi ò lè bínú sí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Lẹ́tà dé. Mo kà á nínú ọ́fíìsì akọ̀wé. Kí n kọ ohun tó sọ ní Yorùbá, kó lè yé mi pé ojú mi kọ́ ló ń ṣe mí:

"Ọmọ dáadáa ni Nàfísàt. Ó ń gbọ́ràn. Kò sí iṣẹ́ tí mo rán an lórí ìwádìí yìí tí kò jẹ́ bó ṣe yẹ. Mi ò ṣiyèméjì pé, lábẹ́ ìtọ́sọ́nà mi, yóò di ẹni ńlá lọ́jọ́ iwájú."

Ó tán. Ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀.

Ìyìn ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ò lè fi han Alhaji kó rí ibi tí ọ̀bẹ wà níbẹ̀. Tí mo bá fi èyí ránṣẹ́, ohun tí wọ́n á kà ni pé ọmọ iṣẹ́ ni mí, ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́. Tí n kò bá fi ránṣẹ́, mi ò ní lẹ́tà.

Mi ò jẹun láti àárọ̀. Ládi gbé ẹ̀wà síwájú mi, ó ní kí n jẹ ẹ́ kí n tó máa bínú lọ.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹsàn-án

Mo fi ránṣẹ́. Mo sì fi tèmi tì í lẹ́yìn:

"Lẹ́tà tí ọ̀gá mi kọ nìyí. Èmi ni mo fi orúkọ wọn ṣíwájú, torí pé àgbà ni wọ́n, níbi tí mo ti wá a kì í kọ orúkọ ara ẹni ṣáájú àgbà. Ó ti yé mi báyìí pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ lẹ bèèrè, kì í ṣe ẹni tó dàgbà jù. Èmi ni mo ṣe é. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ pe àwa méjèèjì pọ̀, kí ẹ bi wá ní ohunkóhun tó bá wù yín nípa rẹ̀."

Ládi kà á, ó ní, "E don do." Ẹ̀rù bà mí lẹ́yìn tí mo tẹ̀ ẹ́ tán. Ó ti lọ.

Ọjọ́ Ajé, 29 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Àwa méjèèjì. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá. Bàbá Àkọ́kọ́ ti gbọ́, ó ní kò burú, òun á sọ̀rọ̀ fún wọn, kí èmi ṣáà jókòó ti òun.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Oṣù Kẹwàá

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má fi ọ̀ṣọ́ sí i.

Ọ́fíìsì rẹ̀. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi tí kámẹ́rà ti ń rí èjìká mi kan. Obìnrin olórí-ewú kan àti ọkùnrin kan ló wà lódìkejì. Bàbá Àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹ jẹ́ ká fún un. Èéfín. Àwọn ìyá wa. Àrùn tí wọ́n ń pè ní ti ọkùnrin amusìgá. Inú èmi alára fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn.

Obìnrin yẹn wá ní, "Nínú ìwé yín, ẹ yọ àwọn obìnrin mọ́kànlá tó wà ní Ibafo kúrò nínú ìṣirò. Kí ló dé?"

Bàbá ní, "Ẹn-ẹ́n." Ó wò mí.

Bí a ṣe máa ń ṣe nìyí láti ọdún mẹ́fà. Níbi ìpàdé, èmi ni mo máa ń jókòó sẹ́yìn Bàbá. Tí ìbéèrè bá dé, mo máa ń kọ èsì sórí ìwé, mo máa ń tì í sí wọn lábẹ́ tábìlì, wọ́n á wá sọ ọ́ bí ẹni pé orí wọn ló ti wá. Kì í ṣe pé wọ́n ní kí n máa ṣe é. A kì í jẹ́ kójú ti àgbà láwùjọ, ó tán. Bírò ti wà lọ́wọ́ mi. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú èsì náà.

Mo gbé bírò náà sílẹ̀.

Bàbá ní àwọn mọ́kànlá yẹn ti dàgbà jù. Obìnrin náà wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó ní àwọn ló kéré jù nínú gbogbo wọn. Bàbá wúkọ́. Ó yíjú sí mi, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní Yorùbá, "Nàfísàt, sọ nǹkan." Mo ń wo kọ̀ǹpútà. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí Màmá kọ́ mi ló ń pariwo nínú mi pé kí n la ẹnu, kí n dóòlà àgbàlagbà. Mo dákẹ́.

Ó wá sọ ọ́, lédè òyìnbó, ketekete: ẹ bi í, iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Mo fa àga mi sún mọ́ iwájú. Mo ní ẹbu Ibafo wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Èérún igi ni wọ́n ń fà símú pẹ̀lú èéfín, mi ò lè mọ èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́, tí mo bá kà wọ́n mọ́ àwọn ará Ifo, irọ́ ni mo máa kọ. Mo sọ ìdí tí mo fi ń dé kí wọ́n tó dáná. Mo dárúkọ àwọn tí èémí wọn kúrú jù, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìwo ìwé. Wọ́n bi mí léèrè fún ogójì ìṣẹ́jú.

Lẹ́yìn náà, àwa méjì nìkan. Ó ní, "O mọ̀ ọ́n. O sì ń wò mí níran."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí ẹ̀yin náà ṣe wò mí níran láti oṣù tó kọjá."

Mo wọ ọkọ̀ padà sí Mowe. Kì í ṣe pé inú mi dùn. Ojú ń tì mí pé mo jẹ́ kójú tì í, inú sì ń bí mi pé ojú ń tì mí. Oṣù kan ni mo fi bẹ̀bẹ̀ fún gbólóhùn tó sọ yẹn. Alhaji ṣí fìlà torí ẹ̀.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n gbà. Ọdún mẹ́ta. Àwọn ìyá á fọn fèrè lóṣù yìí. Orúkọ mi ló wà lókè, alábòójútó wà nísàlẹ̀. Ládi pariwo débi pé onílé wá kan ìlẹ̀kùn.

Mo pe Màmá. Ó sunkún, ó ní Alhamdulillah, ó ní ṣé mo rí i pé ẹ̀bẹ̀ ló ṣe é. Ó ní òun àti Alhaji ti wá ọjọ́ sí i: Ọjọ́ Àìkú, ká padà sí Arepo, ká lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní òun ti ń wá adìyẹ. Mo ní Màmá, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Ó ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Mo ní Màmá, ẹrù ta ni wọ́n kó?

Ó ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí n wọ aṣọ tó bo apá, kí n má pẹ́.

Mi ò ní lọ.